Hẹ́dífóònù Tí Mo Fi Dá Fákúnlé Lóhùn

Máfolúkù, Òṣòdì,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, 1976.

Babáwálé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àjò, mo sì kí ọ kú òjò. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le ní Kàdúná, pé ikọ́ tí ò ń wú nígbà tí o wá ní Àjíǹde ti fi ọ́ sílẹ̀. Ara tèmi náà le. Lará wà lọ́dọ̀ Màámi ní Adó, ó ń ṣe dáadáa ní iléèwé. Inú mi dùn lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, kì í sì í ṣe díẹ̀. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nínú lẹ́tà rẹ, o ní ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ń ráhùn nítorí orin rẹ, pé o fẹ́ ra hẹ́dífóònù, ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́rí kó bo etí méjèèjì, o sì ní irú wo ni kí o rà. Ẹni tó yẹ kí o bi lo bi. Mo ti ra méjì láàárín ọdún yìí. Èkínní fi ojú mi gbolẹ̀, èkejì gbẹ̀san fún mi.

O mọ̀ pé nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ kó àga, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó aṣọ. Ṣéńjà, ẹ̀rọ tí a fi ń lu àwo orin, tó fi owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù rà àti àwọn àwo orin rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, torí wọ́n rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Wọn ò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló kán. Mo ra abẹ́rẹ́ tuntun, bí mo bá sì ti iléèwé dé, màá gbé àwo kan lé e. Orin wọ̀nyẹn ni mo fi ń rántí pé mo lọ́kọ rí.

Fákúnlé ló wà ní yàrá tó kángun sí tèmi, ará Oǹdó kan báyìí, akọ̀wé ìjọba tó máa ń de táì kó tó lọ ra àkàrà. Lẹ́yìn ọdún tuntun ló pe Àlàájì Mùktárù, onílé wa, tó fẹjọ́ mi sùn ún lójú gbogbo ayálégbé. Ó ní ariwo mi ò jẹ́ kí òun sinmi. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ó ní, “Opó tí ọkọ rẹ̀ ò tíì jẹrà tán, tó ti ń gbọ́ orin ijó, ẹ ò mọ ohun tó ń wá?” Babáwálé, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí dé eegun. Àlàájì ní bí òun bá tún gbọ́ orin láti yàrá mi, kí n kó ẹrù mi. Bàálù sì ń kọjá lórí òrùlé wa lójoojúmọ́ débi pé ife ń gbọ̀n lórí tábìlì, Fákúnlé ò fẹjọ́ bàálù sun ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo búra pé bó pẹ́ bó yá, màá san án fún un.

Mo lọ sọ́dọ̀ Rùfáì tó ń ta rédíò ní Òṣòdì, lẹ́bàá ojú irin. Hẹ́dífóònù tó fúyẹ́ jù, tó sì dára lójú jù, ni mo mú. Mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ lu bí ajere. Orin rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́, àfi bí ẹni pé àwọn olórin jókòó tì mí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bó ṣe ń wọ̀ mí létí náà ló ń jáde lẹ́yìn. Ògiri tó wà láàárín èmi àti Fákúnlé ò sì kan òkè. Orin mi ń dún tín-ín-rín lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀fọn. Ó tún gba ọ̀dọ̀ Àlàájì lọ. Àlàájì dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní ìkìlọ̀ ìkẹyìn nìyẹn. Fákúnlé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé sùn, òun náà ni mo gbé jí.

Mo padà sọ́dọ̀ Rùfáì tìbínú-tìbínú. Mo gbé àwo tèmi dání lọ́tẹ̀ yìí, kí ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, torí àwo tí ọlọ́jà fi ń tajà, kò sí ohun tí kì í dùn lórí rẹ̀. Mo ní kí ó kó àwọn elẹ́yìn dídí jáde. Ọ̀kan wá láti Jámánì, kò sí tíṣà tó lè fojú sí owó rẹ̀, ó sì wúwo bí odó. Òmíràn ń gbé ìlù ìsàlẹ̀ jáde, gbì, gbì, gbì. Bó bá jẹ́ orin ijó àwọn ọ̀dọ́ lo fẹ́ràn, ra irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n orin ọ̀rọ̀ ni ọkọ mi kó jọ, orin tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí àgbà olórin ń sọ, ìlù yẹn sì ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí mo rà wá láti Jàpáànù. Kò wọ́n jù, kò sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n tìmùtìmù rẹ̀ rọ̀, ó bo etí látòkè délẹ̀. Mo ní kí Rùfáì súnmọ́ mi dáadáa, kó sọ orin tí mò ń gbọ́. Ó na etí títí, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti sanwó.

Láti ọjọ́ náà, bàálù á kọjá, ife á gbọ̀n, olórin mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ kan nù. Fákúnlé á rọra dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, á tẹ́tí, kò ní rí ẹjọ́ gbé lọ. Mo rò pé ibi tí ẹ̀san mi mọ nìyẹn. Àṣé ẹ̀san ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀.

Ìyá Fákúnlé ti wá láti Oǹdó kí n tó ra èkejì yìí, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n wọlé tọ̀ mí wá, wọ́n ní, “Ìyá Lará, ṣé o ti ta ẹ̀rọ rẹ ni? Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti máa ń fi àga ti ògiri kí n lè gbọ́ orin rẹ. Ó ti dákẹ́ pátá.” Mo wò wọ́n. Wọn ò mọ nǹkan kan. Mo jókòó, mo sì rò ó fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan ọ̀rọ̀ opó. Ìyá yìí ti ṣe opó fún ọdún gbọọrọ, Babáwálé. Wọ́n kàn ṣí gèlè, wọ́n ní kí n gbé nǹkan náà kọ́ àwọn lórí.

Mo wá àwo orin Òbìtun kan jáde, orin àwọn obìnrin Oǹdó. Bí ohùn yẹn ṣe wọ̀ wọ́n létí ni wọ́n di ojú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Ẹni tó bá dí etí kì í mọ bí ohùn òun ṣe ń lọ sókè tó, o mọ̀. Màmá ń fi gbogbo agbára kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí n dín in kù. Mo fi kún un.

Gbogbo ilé jáde. Àlàájì sáré wá, ó ní ta ló ń pariwo. Wọ́n dá a lóhùn pé ìyá Fákúnlé ni. Fákúnlé dé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ń pe, “Màmá, Màmá,” wọn ò gbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, wọn ò lajú. Ọmọ wo ló máa na ọwọ́ sí orí ìyá rẹ̀ lójú ayé láti já nǹkan níbẹ̀? Ló bá kọjú sí mi láti orí ilẹ̀ tó wà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Lará, ẹ bá mi yọ ọ́.” Mo ní, “Opó kì í dá ìdùnnú opó ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí àwo tán.” Ó sì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí àwo fi tán. Àlàájì fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Màmá lajú, wọ́n sọ fún Fákúnlé lójú gbogbo wa pé àwọn ò ní fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀ títí yóò fi lọ bẹ Àlàájì kí orin mi padà. Ó lọ ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ó wá sọ fún mi pé mo lè máa gbé e sókè báyìí, pé orin ò ni òun lára mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé hẹ́dífóònù mi kọ́rí lójú rẹ̀, mo sì yíjú sí ògiri. Màmá ń wá lójoojúmọ́, a ń gbà á lò láàárín ara wa. Fákúnlé ò gbọ́ ẹyọ orin kan láti yàrá mi mọ́. Kò ní gbọ́ ọ láé.

Kí Olúwa má fi ọ́ sáàárín àwọn tí yóò fi ọ̀fọ̀ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ rẹ á máa gòkè, wàá padà bá wa nílé ní àlàáfíà, orin ayọ̀ ni a ó jọ gbọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Felicia, Ìyá Lará.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Fákúnlé gbọ́ pé ò ń bọ̀ ní Kérésìmesì, ó ní kí n bẹ̀ ọ́ kí o ra hẹ́dífóònù kan fún ìyá òun, tí wọn yóò máa fi sí rédíò òun, kí wọ́n má baà máa jókòó sọ́dọ̀ mi mọ́. Rà á fún wọn. Màmá ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n elẹ́yìn lílu ni kí o rà, kí ihò rẹ̀ pọ̀ dáadáa. Etí Màmá á gbádùn orin, ẹ̀fọn á sì máa kùn sí Fákúnlé létí ní yàrá ara rẹ̀, kí n wá rí onílé tí yóò fẹjọ́ ìyá rẹ̀ sùn.