Bàbá Wa Tí Fadá Ń Fi Ṣe Ìwàásù

                                                            Ilé Ìfọṣọ,
                                                            Ojúlé Kẹta,
                                                            Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                                            Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ yín? Ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn yẹn kò rò pé òun náà máa darúgbó. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Ara Bàbá le, ara Màmá náà le, ẹnu rẹ̀ sì le ju ara lọ. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ń lọ, àfi ooru áyọ́ọ̀nù tó ń fi ojoojúmọ́ sun mí bí ẹran.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ro fún yín. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí pé bí ẹ bá fún mi ní bisikíìtì, màá kọ́kọ́ bi yín pé kí lẹ fẹ́ rán mi. N ò tíì yí padà. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan kó aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tí àbúrò wa ti ń ṣe Fadá wá fún wa láti fọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin Fadá. Ó ní kò sẹ́ni tó ń sùn mọ́ nígbà ìwàásù. Ó ní Fadá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gírámà ló máa ń sọ títí àwọn ọmọ ọwọ́ á fi máa ké, bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá bi èèyàn léèrè lẹ́nu ọ̀nà pé kí ni Fadá sọ, ìdáwó ẹlẹ́ẹ̀kejì nìkan lèèyàn máa rántí. Mo ń so nọ́ńbà mọ́ ọrùn aṣọ, mo kàn ń dá a lóhùn pé ẹ ṣé, ẹ ṣé. Àfi ìgbà tó wá sọ pé, "Bàbá yín yẹn, ẹni Ọlọ́run ni wọ́n. Tí Fadá bá ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ wọn báyìí, ẹkún la máa ń sun."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ Bàbá. Bàbá ń bọ́ ilé, kì í jalè, kì í mutí, ṣùgbọ́n ta ló sunkún rí nítorí inúure rẹ̀? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mo ní màá lọ fi etí ara mi gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo wé gèlè bo iwájú orí, mo lọ jókòó sẹ́yìn òpó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìhìnrere ọjọ́ náà ni ibi tí Pétérù ti bi Jésù pé ẹ̀ẹ̀melòó ni kí òun dárí ji arákùnrin òun. N ò lè fi ìyẹn mú àbúrò wa. Ẹ mọ̀ pé nínú ìjọ tiwa, Fadá kì í yan ibi tó wù ú kà, ohun tí a máa kà ti wà nílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ohun tó máa fi lé e ni mo ń ṣọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sáàárín wa láìmú ìwé lọ́wọ́. Ó ní káfíńtà ni bàbá òun. Ó ní ọmọṣẹ́ kan ju ìṣáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo fáníìṣì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù jóná tòun ti pákó tòun ti irinṣẹ́, ọmọṣẹ́ náà sì fẹsẹ̀ fẹ. Títí débẹ̀, òótọ́ ni. Ó wá ní ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí bàbá òun fi wá ọmọ náà lọ sílé, tó fà á dìde nílẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì jọ jẹun nínú abọ́ kan. Ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti mọ bí ojú Ọlọ́run ṣe rí.

Irọ́ gbuu! Ọmọṣẹ́ kan náà tí àdúgbò sọ ní Fáníìṣì lẹ́yìn iná yẹn, tí a kì í dárúkọ nílé wa láti ogún ọdún? Ẹni tí Bàbá bá rí lọ́ọ̀ọ́kán tó máa sọdá sí òdìkejì títì? Bàbá tó ń rin ọ̀nà jíjìn lọ ra ìṣó kó má baà gba ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà kọjá? Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, gbogbo èèyàn ń nu ojú. Nígbà tí mo wá wo àárín àwọn akọrin, ta ni mo rí? Ìyàwó Fáníìṣì. Ó ń fi apá aṣọ tí èmi fúnra mi lọ̀ nu imú.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún ara mi pé aha, Fadá ti dẹ pańpẹ́. Ó mọ̀ pé obìnrin yìí máa gbé ìròyìn délé, pé Fáníìṣì máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, pé ojú á sì ti Bàbá láti lé e. Mo ní ọgbọ́n àrékérekè wo rèé lórí pẹpẹ Ọlọ́run!

Lẹ́yìn Mísà, mo bá a nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọṣọ Mísà. Bí inú bá ń bí mi, mo máa ń gbàgbé pé àlùfáà ni, ìwọ ni mo máa ń pè é.

"Fadá, o kú irọ́ o."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Irọ́ wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìgbà wo ni Bàbá àti Fáníìṣì jọ jẹun? Bàbá tí kò tíì bá a sọ̀rọ̀ títí dòní!"

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó ní Màmá ló sọ fún òun lọ́sẹ̀ tí iná náà ṣẹ̀, nígbà tí òun ṣì kéré. Òun kò bi ẹnikẹ́ni mọ́, torí pé wọn kì í fẹ́ ká dárúkọ Fáníìṣì, òun sì rò pé Bàbá kò fẹ́ ìyìn ni. Ó wá jókòó sórí àpótí àbẹ́là, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìtàn yẹn ló sọ mí di àlùfáà."

Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, ó kọ̀. Ó ní ìwàásù kì í ṣe kí wọ́n lè máa sọ pé Fadá mọ̀rọ̀ọ́ sọ, kí ẹnì kan lè délé kó lọ ṣe nǹkan kan ni, òun kò sì lè fi irọ́ rán èèyàn níṣẹ́. Ní Àìkú tó ń bọ̀, òun máa sọ fún wọn lórí pẹpẹ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe máa rí, kí ìyàwó Fáníìṣì jókòó, kí ọmọ bíbí inú Bàbá kéde níwájú gbogbo ìjọ pé bàbá òun kò dárí ji ọkọ rẹ̀ rí!

Mo délé, mo há Màmá mọ́ ilé ìdáná, mo ro ohun tí Fadá fẹ́ sọ lórí pẹpẹ fún un, mo bi í níbi tó ti rí ìtàn yẹn. Ó kọ́kọ́ ní òun kò rántí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wá gbaná jẹ. "Ọmọ yẹn kò sùn! Bó bá ti gbọ́ òórùn èéfín, á figbe ta pé Fáníìṣì ń bọ̀. Kí ni kí n sọ fún un? Irọ́ téèyàn fi rẹ ọmọ sùn, ṣé irọ́ náà nìyẹn?" Kí n tó dáhùn, mo yíjú, Bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. "Ọjọ́ wo ni àbúrò rẹ fẹ́ sọ ọ́?"

Mo ní ọjọ́ Àìkú ni. Ó pẹ̀yìn dà, ó lọ.

Ní Sátidé, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó jáde. Òòlù wà nínú àpò náà, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé kí n jókòó sílé ni? Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ilé Fáníìṣì ló gbà lọ tààrà. Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó rí i, ó sáré gbé àga wá. Bàbá kò jókòó. Ó di ẹ̀yìn àga náà mú, ó mì ín.

"Ta ló kan èyí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Mi ò kọ́ ẹ báyìí."

Ó dojú àga dé, ó yọ òòlù, ó ní kí Fáníìṣì bá òun di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Wọ́n kàn án pa pọ̀. Èmi dúró lóde, mo ń sunkún bí ọmọdé, n kò sì mọ ẹni tí mò ń sunkún fún. Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá jókòó sórí ẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó mu ún tán, ó ní, "Múra lọ́la. A jọ ń lọ sí Mísà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pẹ́ dé, torí pé Bàbá kì í sáré mọ́. Àbúrò wa ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ìtàn tí mo sọ fún yín nípa bàbá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, kì í ṣe..." Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Bàbá wọlé, Fáníìṣì sì wọlé tẹ̀ lé e, wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Fadá wo àwọn méjèèjì. Ó wá ní, "Ìtàn náà kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́." Ó lọ jókòó. Gbogbo ìwàásù nìyẹn. Obìnrin aláṣọ akọrin wá kó aṣọ lánàá, ó ní Fadá kò gbìyànjú rárá lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ ní kí àbíkẹ́yìn yín yé jẹ bisikíìtì láìbéèrè. Màmá ní kí n kí yín. Èmi ti ń wo Màmá tìfura-tìfura báyìí, torí pé èmi náà ní ìtàn tí ó fi ń rẹ̀ mí sùn. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, tí wọ́n sọ fún Bàbá pé obìnrin ni, Bàbá ju ayùn sílẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé mi káàkiri gbogbo ojúlé àdúgbò kí wọ́n lè rí mi. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá jágbe mọ́ mi, ohun tí mo máa ń rọ̀ mọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ti wà nílé nígbà náà, ẹ sì ti gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ bóyá ó ṣẹlẹ̀. Bí kò bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ tètè jẹ́ kí n mọ̀, nígbà tí Bàbá ṣì wà láyé.

                                                            Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
                                                            Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.