Ẹ̀rí tí Bàbá jẹ́

Bọ̀dá Oyèkànmí mi,

Ẹ kú òtútù. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Màmá ń ta ọṣẹ wọn ní Amukoko.

Bọ̀dá, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ìgbà tí Bàbá ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àrùn ọkàn àwọn ti lọ, wọn ò lọ ṣe eré ìdárayá tí dókítà ní kí wọ́n máa ṣe fún ọkàn wọn ní ọsibítù mọ́. Owó ọkọ̀ kọ́ ló fà á. Mo ti yọ ẹgbẹ̀rún méjì náírà nínú owó oúnjẹ fún un.

Bàbá ní, "Ṣé kí ará ṣọ́ọ̀ṣì rí mi níbẹ̀, kí wọ́n ní irọ́ ni mo pa?"

Lánàá, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ní: "Àdúràọlá, má pariwo, ará ṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá ní kété tí ẹ bá ti rí lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n ń gbà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ bá wọn láàyè.

Àbúrò yín,
Àdúràọlá