Abọ́ Kejì

Mọ́mì mi,

Ṣé ara yín le? Ẹ ní kí èmi àti ọkọ mi jáde lọ jẹun nítorí ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa. A jáde, Mọ́mì. Ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ mi ni mo yà sí. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Núdù ọlọ́bẹ̀ ni mo jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ogún ọdún se oúnjẹ tà, ẹ máa rí àléébù díẹ̀ níbẹ̀: omi ẹran rẹ̀ dùn, àmọ́ iyọ̀ ò tó, ẹ̀fọ́ rẹ̀ sì ti jinná jù. Igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, ni mo bá gba ṣíbí.

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ti mọ̀ wá tipẹ́, abọ́ méjì ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé ká dúró de ọkọ yín?"

Mo ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Nígbà tó yá, ó rọra gbé abọ́ kejì kúrò, ó sì bu omi ẹran gbígbóná kún tèmi. Tí mo bá ní kí n fún wọn ní máàkì, oúnjẹ gba mẹ́fà, ọmọ yẹn gba mẹ́wàá.

Iṣẹ́ ló dá ọkọ mi dúró. Iṣẹ́ náà ni kì í jẹ́ kó gbé ìpè yín.

Ẹ bá mi kí Dádì àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa sinmi dáadáa. Ọkọ mi náà ní kí n kí yín.

Ọmọ yín.