Ìbàdí Bàbá Ọkọ Mi

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ́, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí

Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá ọkọ mi dùbúlẹ̀, orí fóònù ni dókítà ti ń kọ́ wọn ní ìrìn. Lónìí, ó ní kí n di ìbàdí wọn mú kí wọ́n lè dìde. Bàbá yọ ọwọ́ mi. "Ìyàwó ọmọ mi kọ́ ni yóò gbá ìbàdí mi mú."

N ò bá wọn wí.

Ọkọ mi gbọ́, ó pè láti Ìbàdàn. Ó ní bàbá ò fẹ́ gbádùn, pé ará oko ò mọyì fóònù ńlá tóun rà. Mo ní, "Ẹ ṣeun." Ọwọ́ ọmọ ni ìbàdí ń wá, fóònù ló fi ránṣẹ́.

Bí mo ṣe gbé e sílẹ̀, bàbá ò bèèrè dókítà. Wọ́n ní, "Ṣé ó lóun ń bọ̀?"