Àyè Tó Ṣófo Lórí Orúkọ Torgny

Torgny ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọdún kẹrin rèé tí o ti dákẹ́. Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo etí òkun, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí a gbé ọ lọ. Mo ṣì wà. Èmi tó yẹ kí o sin, èmi náà ló ń gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì lọ fọ òkúta ibojì rẹ.

Òkúta náà dára. Dúdú ni, ó jọ ti bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n lórí orúkọ bàbá rẹ, APẸJA ni wọ́n kọ. Lórí ti bàbá rẹ̀ àgbà, ALÁGBẸ̀DẸ ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí, iṣẹ́ ẹni ló ń ṣíwájú orúkọ ẹni wọlẹ̀. Lórí tìrẹ, kò sí nǹkan kan. Àyè wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ṣófo.

Börje tó gbẹ́ ẹ kò fẹ́ kọ ọ́. Mo ní kó kọ ALÁGBÀTÀ ILÉ. Ó ṣí fìlà, ó ń họ orí. Ó ní, "Ìyá Torgny, ẹ má bínú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ ìjọba nìkan ni òfin gbà pé kó jẹ́ orúkọ iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì ti yọ tirẹ̀. Ká ní apẹja ni, ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní apẹja, títí kan èmi tí mi ò pa ẹja kan rí." Mo ní kó fi àyè sílẹ̀ nígbà náà. Mo ní ọjọ́ kan ń bọ̀.

Ta ló mọ ilé tà bíi tìrẹ? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ a ní kí onílé yan búrẹ́dì dídùn kí àwọn tó fẹ́ wo ilé tó dé, kí imú wọn má baà gbọ́ òórùn mìíràn. Ìwọ, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀rinrin ti ń rùn lo kọ́kọ́ ń mú wọn lọ. Wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn á ti wà ní ilé ìdáná, ìwọ a ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ ná. Ẹ gbóòórùn ibẹ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ wá gòkè wá wo òkun lójú fèrèsé." Àwọn kan sá. Àwọn tí kò sá, kò sí èyí tó pè ọ́ lẹ́jọ́ rí nínú wọn. Ìwọ yìí ni wọ́n wá ní o fi nǹkan pamọ́.

Ilé Sigbritt opó ló fà á, ilé pupa tó wà létí èbúté, tí opó náà fi sílẹ̀ nígbà tó kó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Tọkọtaya kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja fẹ́ rà á, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ tọdún tọdún. Ọkùnrin kan láti Stockholm náà fẹ́ ẹ, fún ìgbà ooru nìkan. Òfin iṣẹ́ rẹ kò lọ́jú pọ̀. Iye yòówù tí ẹnikẹ́ni bá dá, alágbàtà gbọ́dọ̀ mú un dé etí onílé títí wọn ó fi tọwọ́ bọ̀wé. Onílé lè yan ẹni tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbọ́.

Sigbritt di ọwọ́ rẹ mú. Ó ní, "Torgny, má mú iye ẹnikẹ́ni wá bá mi mọ́. Mo ti yàn. Mo fẹ́ kí iná máa tàn nínú ilé mi nígbà òtútù." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ará Stockholm fi owó kún tirẹ̀. O kò sọ fún Sigbritt. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni tọkọtaya yẹn tọwọ́ bọ̀wé. Òfin ni o rú, Torgny. Mi ò ní torí pé o ti kú kí n wá purọ́ fún ọ.

Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin Sigbritt gbọ́, wọ́n fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ ni tọkọtaya náà, pé o fi ìyá àwọn tàfàlà. Àwọn tó ń ṣọ́ iṣẹ́ alágbàtà bi ìyá wọn. Ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní, "Mi ò rántí pé mo sọ irú ẹ̀." Wọ́n ní kí ìwọ náà mú ẹ̀rí wá. O wá bá mi ní ilé ìdáná, o kò bọ́ kóòtù ọrùn rẹ. O ní, "Màmá, ọwọ́ mi ló dì mú. Ta ló ń kọ ìyẹn sílẹ̀?"

Ní erékùṣù tí wọ́n bí mi sí, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni méjì bá ti bọ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Wọ́n yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ìwé ìjọba. Wọ́n fi abẹ ha á kúrò lára gíláàsì ọ́fíìsì. Níbi tí ẹ ti ń tò fún kọfí, ẹnì kan ní, "Alágbàtà, ṣé kò sí iye tó o gbàgbé sápò lónìí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ yẹn ló dùn mí jù.

Iṣẹ́ tí o rí lẹ́yìn ìyẹn ni kíkó ẹrù jáde nínú ilé àwọn tó ti kú, kí alágbàtà mìíràn lè rí i tà. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan lò ń gbé sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọkàn rẹ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ẹ jọ gbé e sọ fún mi pé o kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kó má baà ha ògiri, kó o tó jókòó sórí àtẹ̀gùn. O kò dìde mọ́.

Ọdún kẹrin rèé, ọmọ mi. Wọ́n ti tún ilé pupa yẹn kùn. Iná ń tàn níbẹ̀ nígbà òtútù, mò ń rí i láti ojú fèrèsé mi. Tuva ọmọ rẹ ti jáde ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ rẹ ló yàn, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ lábẹ́ alágbàtà kan. Tí ìrúwé bá dé, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé ìjọba.

Lẹ́yìn Kérésìmesì tó kọjá, Sigbritt ti kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń fara tì rìn gba inú yìnyín wá bá mi. Kò fọwọ́ kan kọfí.

"Ìyá Torgny, mo rántí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí gan-an, mo rántí."

"Kí ló wá dé tí o sẹ́?"

"Àwọn ọmọ mi nìkan ló ń wá wò mí. Ẹ̀rù bà mí pé wọn ò ní wá mọ́."

"Ṣé wọ́n wá ń wá?"

Ó mi orí pé rárá. Mo bá a tún kọfí náà gbé kaná. Kí ni ǹ bá ṣe?

Tuva tẹ àwọn tó yọ orúkọ rẹ láago, ó sọ ohun tí Sigbritt jẹ́wọ́ fún wọn. Ó ní obìnrin tó gbé ìpè náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Obìnrin náà ní òkú kò ní ìwé àṣẹ tí wọ́n lè dá padà fún un, pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Mo ní kò burú, kí a lọ bá Börje, kó kọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mú mi wá mú mi. Ọmọ rẹ ló kọ̀. Ó ní, "Màmá àgbà, wọn ò dá a padà. Bí a bá kọ ọ́, irọ́ la kọ. Bàbá mi ì bá kọ́kọ́ mú yín lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni."

Mo bínú sí i. Mo bínú títí mo fi gbọ́ ohùn rẹ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà àyè yẹn ṣì ṣófo. Àwọn tó ń kọjá a máa dúró. Wọ́n á bi mí pé, "Màmá, kí ni ẹni yìí ṣe?" Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin tí o rú, ibi tó ń rùn. Bí wọ́n bá ṣì dúró, mo máa ń mú wọn dé ojú fèrèsé, bí o ṣe máa ń ṣe.

Ewé wẹ́wẹ́ tó ń hù lára òkúta fẹ́ gba àyè náà. Mi ò gbà fún un, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó kúrò. Àárò rẹ ń sọ mí, Torgny. Mo fẹ́ràn rẹ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Bí ọwọ́ mi kò bá lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́, Tuva ló máa gbà á. A ti bọ ara wa lọ́wọ́ lé e lórí. A ò kọ ọ́ sílẹ̀.