Ọgbọ̀n Ọkọ Tó Wà Nínú Fóònù Azeezat

Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Eleko.

Azeezat ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé omi òjò kò tún wọ ilé tí o gbà ní Addo mọ́? Àwa náà ń bẹ níbí, a ń jẹ, a ń mu, òkun ń hó, a sì ń dúpẹ́. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ mi dojú dé lórí omi títí mo fi darúgbó kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tìrẹ náà dojú dé. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, àbúrò rẹ Ràhmát ní kí n kí ọ, ẹ̀gbọ́n mi Àṣàbí náà ní kí n kí ọ, ẹ̀gbọ́n mi yìí ní kí n má gbàgbé láti sọ fún ọ pé orúnkún àwọn ṣì ń dun àwọn.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Mo mọ̀ pé Eleko sí Addo kò jìnnà, ẹni tó bá jẹun àárọ̀ níbí lè jẹ tọ̀sán lọ́dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá pè ọ́, wàá ní, Bàbá, mo wà nípàdé, ẹ jẹ́ n pè yín padà. Ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ìpàdé lè gbà lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀rọ̀ ọkọ ni.

O rántí pé nígbà tí o wá ṣe Iléyá, ìyá rẹ bi ọ́ pé tọdún yìí ńkọ́, ta ni ká máa retí. O rẹ́rìn-ín, o gbé fóònù sókè, o ní, Màámi, àwọn ọkọ mi rèé, ọgbọ̀n ni wọ́n, mò ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́wọ́. Ìyá rẹ sáré wá sọ fún mi, ẹ̀rù ọgbọ̀n ọkùnrin sì bà wá. Nígbà tí o wá fi fóònù rẹ àtijọ́ sílẹ̀ fún wa, pé ká máa fi rí ojú rẹ bí a bá pè ọ́, a ṣí i, a bá àwọn ọmọkùnrin náà níbẹ̀ lóòótọ́, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni ọgbọ̀n, tòun tàwòrán. Ìgbà náà ni ọkàn wa balẹ̀. Mo ní ọmọ mi kò ṣe ìṣekúṣe, ìwádìí ló ń ṣe.

Mo ti wá mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní Lẹ́kkí Phase 1 báyìí. O ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ yín ń bá ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù oníkùmọ̀, béésíbọ́ọ̀lù ni o pè é, pé àwọn ọmọ yìí kò tíì wọ ẹgbẹ́ ńlá, wọ́n ṣì ń kọ́ṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ kékeré láwọn ìlú kéékèèké, iṣẹ́ tìrẹ sì ni láti máa wò wọ́n, kí o máa kọ èyí tó máa dára lọ́la sílẹ̀. Ìyẹn kò yé mi nígbà náà. Àwọn baba wa náà kúkú ṣe é. Bí ọkùnrin kan bá ń fojú sí ọmọ ilé wa, wọ́n á rán ẹnì kan lọ sí ìlú rẹ̀, kó dọ́gbọ́n jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta ayò, kó béèrè ìwà rẹ̀, kó béèrè àìsàn inú ẹbí, kó béèrè bóyá wọ́n máa ń lu ìyàwó. Òyìnbó ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́ olówó oṣù. Wọ́n kọ ọjọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ bó ṣe ga tó àti bó ṣe wúwo tó, wọ́n kọ ìlú tí wọ́n bí i sí, wọ́n tiẹ̀ kọ ọwọ́ tó ń lò.

Mo bá ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi Àṣàbí, a jókòó lé e lórí. Ẹni kìíní, òsì ló ń lò. Wọn kò fi pamọ́ o, ńṣe ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà bí ẹni pé oyè ni. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé ọwọ́ wo ló máa fi gbé obì fún àwọn, a bá fò ó. Ẹni kejì, wọ́n ti la ìgúnpá rẹ̀, kò sì tíì ṣiṣẹ́ láti èṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n wò ó sàn nílé bàbá rẹ̀ ná. Ẹni kẹta, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Azeezat, ìwọ tí o ti lé lọ́gbọ̀n, ṣé ọmọ lo fẹ́ tọ́ ni àbí ọkọ lo fẹ́ fẹ́?

Ẹni kẹrin ló wọ̀ wá lójú. Déríìkì ló ń jẹ́. Ọmọ etí òkun ni, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé apẹja ni bàbá rẹ̀. Mo ní, ó parí. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ó ní sùúrù, mo sì fojú ara mi rí i lórí fóònù, torí ọ̀sán tiwọn ni ìrọ̀lẹ́ tiwa. Ẹnì kan ń fi ìbínú ju bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ kùmọ̀ ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò nà. Wọ́n tún jù ú, kò nà. Nígbà tó yá, ó rọra gbé kùmọ̀ sílẹ̀, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọkùnrin tí kùmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń tọ́ ọ níjà, tí kò nà, òun lèèyàn ń fọmọ fún. Ìyá rẹ gbà, àfi ọ̀rọ̀ itọ́. Ó ní kí ló dé tí gbogbo wọn ń tutọ́ káàkiri bí aláboyún oṣù méjì, ṣé kò sẹ́ni tó lè bu omi fún wọn ni.

Láti ìgbà náà la ti di àna Déríìkì. Ìyá rẹ kì í gbé ọbẹ̀ kaná mọ́ kó tó gbá tirẹ̀ tán, ọjọ́ tí kò bá sì rí bọ́ọ̀lù nà, ẹja orí ààrò á jóná. Mo lọ bá Àáfà wa pé kí wọ́n bá mi ṣàdúà sí kùmọ̀ ọmọ kan. Wọ́n béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, mo ní n kò mọ̀, wọ́n ní kò burú, ọmọ Hawáù làwọn máa pè é, torí Hawáù ló ṣáà bí gbogbo wa. Mo sì kọ̀wé kí i nínú fóònù, mo ní Déríìkì, bàbá Azeezat ní Eleko ló ń kí ọ, ṣé àwọn òbí rẹ wà dáadáa. Fóònù bi mí bóyá mo gbà. N kò mọ ohun tó ní kí n gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ kì í fi kíkọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó fi ọkàn pupa kan dá mi lóhùn. Ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọ̀rọ̀ Shamsudeen ló kù tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ níta. Shamsudeen ni ọmọ Ìṣẹ́yìn tó ń lẹ táìlì sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n ń kọ́ sẹ́bàá òkun, ó ní ọgbà kan náà lẹ jọ ń gbé ní Addo. Ọmọ dáadáa ni, bó bá ń kí mi, á dọ̀bálẹ̀ títí àyà rẹ̀ á fi kan iyanrìn. Ó wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ní òun fẹ́ mú àwọn èèyàn òun wá mọ̀ wá nítorí tìrẹ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi fóònù hàn án, mo ní wò ó fúnra rẹ, ọgbọ̀n ló wà níwájú rẹ, a sì ti mú ẹni kẹrin. Ó wò ó títí, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń wúkọ́. Ó ní, Bàbá, kò sí èyí tó mọ̀ pé Azeezat wà láyé nínú àwọn ọmọ yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí, ìwádìí tí ẹni tí à ń wádìí bá ti mọ̀ sí, ìyẹn kì í ṣe ìwádìí mọ́. Ó ní iṣẹ́ oṣù lásán ni, pé kò sí ọ̀rọ̀ ọkọ níbẹ̀ rárá. Mo rí i pé owú ló ń jẹ ẹ́. Ó wá ní Déríìkì gan-an kò lè na bọ́ọ̀lù tó bá yà bàrá lójú ọ̀nà.

Ìyẹn bí mi nínú. Mo bú u. Mo ní ẹni tí sìmẹ́ńtì kún inú èékánná rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa bu ẹnu àtẹ́ lu ọmọ ọlọ́mọ, mo tún sọ èyí tí kò ṣeé kọ síbí. Ó ní kí n má bínú. Ó ní bí kò bá ni mí lára, kí n kọ òun sísàlẹ̀ pátápátá, kí òun ṣe ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n. Mo fi èédú kọ ọ́ sára ògiri. Ó dúpẹ́, ó gun òrùlé wa lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ibi tó ń jò.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o tètè sọ fún Déríìkì kó mú àwọn òbí rẹ̀ wá kí òjò tó

Azeezat, dúró ná. Má ka èyí tó wà lókè yẹn mọ́, tàbí kí o kà á, ṣùgbọ́n má tẹ̀lé e. Mo dìde lọ jẹun ni, ìgbà tí mo máa padà dé, ayé ti bàjẹ́. Wọ́n ti ta Déríìkì.

Shamsudeen tó wá parí iṣẹ́ òrùlé ló kà á fún wa nínú fóònù. Ó ní ẹgbẹ́ tó ni ín ti fi Déríìkì àti ọmọ kan pààrọ̀ àgbà ajubọ́ọ̀lù kan ní ẹgbẹ́ mìíràn. Mo ní kó tún un kà. Wọn kò pe bàbá rẹ̀ tó ń pẹja, wọn kò sì pe àwa àna rẹ̀. Ewúrẹ́ pàápàá, a ó ya ẹnu rẹ̀ wo eyín ká tó fi ṣe pàṣípààrọ̀! Ìyá rẹ sunkún, ó ní ẹ wo bó ṣe dé fìlà tuntun tó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé wọ́n ta òun ni. Ó dun èmi náà, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀gbọ́n mi Àṣàbí ló sọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n ní ọkọ tí ẹlòmíràn lè jí lówùúrọ̀ kó tà, bí a bá fún un lọ́mọ, ṣé wọn kò ní fi ọmọ wa ṣe ènì lọ́jọ́ kan?

Shamsudeen kò yọ̀. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, torí ẹlòmíràn ì bá yọ̀. Ó ní ó dun òun, pé inú rẹ kò ní dùn, nítorí ìwọ lo kọ́kọ́ rí ọmọ náà nígbà tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Mo ní báwo lo ṣe mọ̀. Ó ní ẹ jọ máa ń wò ó ní pálọ̀ rẹ ni, pé ilẹ̀kùn máa ń wà ní ṣíṣí. Mo wo ojú rẹ̀. Azeezat, ó pẹ́ tí mo ti ń ju àwọ̀n, mo mọ ẹja tó ti wọ inú rẹ̀.

Bí ẹni kẹrin sì ṣe lọ, gbogbo wọn sún sókè, ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n di ẹni ọgbọ̀n. Níwọ̀n ìgbà tó ti bọ́ sáàárín wọn, ó yẹ ká wádìí tirẹ̀ náà. Ọ̀tún ló ń lò. Ìgúnpá rẹ̀ le, mo fọwọ́ kàn án. Kì í tutọ́. Òkun ń bà á lẹ́rù, àbùkù rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n a lè kọ́ ọ. Mo bi í pé ta ló lè tà ọ́, ó ní kò sẹ́ni tó lè ta òun, àfi kí àwa lé òun. Ìgbà náà ni mo rántí ọjọ́ tí mo bú u. Òòlù iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ń bú u, òòlù ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra rìn lọ sórí òrùlé, ó lọ dí ihò tó ń jò sórí ibùsùn mi. Ojú tì mí, ọmọ mi.

N kò ní sọ ipò tí ó yẹ kó wà. Ìwọ ni wọ́n ń sanwó fún láti mọ ẹni tó máa dára lọ́la. Bó bá jẹ́ òun ni o fi ọgbọ̀n ọkùnrin bò mọ́lẹ̀, sọ fún mi, kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀ láti Ìṣẹ́yìn. Bí kì í bá ṣe òun, tètè sọ ìyẹn náà, kí n nu orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri, torí ìyá rẹ ti ń yan ẹja pamọ́ dè é.

Wá fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Páànù kan ṣì kù tí a máa rà, orúnkún ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè òróró, dátà tí a fi ń wo Déríìkì náà ti tán. Má sọ pé kí la tún ń wò ó fún o. Ìyá rẹ ní wọ́n tà á ni, kò kú, a kì í gba ọmọ tọ́ ká wá jù ú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Má sì fi owó náà sí báǹkì. Èyí tí o fi síbẹ̀ nígbà kan, ẹ̀rọ ara ògiri ni wọ́n ní kí n lọ bá, mo kí i, kò dáhùn, ó wá ń bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi. Ẹni tí kò jẹ́ kíkí mi kò lè gbọ́ àṣírí mi. Shamsudeen ni kí o fi rán.

Ọlọ́run tó fún ọ lójú tí o fi ń rí ohun rere kí ayé tó rí i kò ní fọ́ ojú náà lọ́jọ́ tìrẹ. Ọkọ rẹ kò ní jẹ́ ọjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé rẹ kò ní jò, bó bá sì jò, wàá rí ẹni tó máa gun òkè lọ dí i. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìsìmáílà.

Mo gbàgbé. Shamsudeen náà ni mo fi lẹ́tà yìí rán. N kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, mo kàn ní ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ ló gbé dání yẹn, kó má ṣí i. Ẹ̀kọ tútù ni mo fi lẹ ẹnu rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣí i á rí i ṣí láìfa nǹkan ya. Bí o bá rí i pé wọ́n ti ṣí i, fún un lómi mu, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n bó bá gbé e láti Eleko dé Addo, tó sì dé ọwọ́ rẹ bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, ní kó jókòó.