Ojú Ìyá Kò Fọ́

Bàbá Ìdíátù,

Ẹ bá mi yọ̀ o, ojú Ìyá yín kò fọ́! Dókítà ojú yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀ yìí, kò rí àrùn kankan. Ìyá ka lẹ́tà dúdú wínníwínní, àmọ́ nígbà tí wọ́n wo èyí tó ti ṣá, wọ́n ní, "Ṣé ẹ kọ nǹkan síbẹ̀ ni?" Dókítà ní àgbà ló dé, àwọ̀ tó bá jọra kì í yàtọ̀ lójú wọn mọ́. Abájọ tí wọ́n fi ń da ògì sẹ́yìn kọ́ọ̀bù funfun! Mo ti bẹ̀ wọ́n nítorí ariwo tí mo pa mọ́ wọn lánàá.

Mo fi ọ̀dà funfun kun etí àtẹ̀gùn kí Ìyá lè máa rí ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Kò tíì gbẹ, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Èmi àti Ìyá ń lọ sí ọjà Shasha. Wọn ò jẹ́ kí n di ọwọ́ wọn mú o!

Hàbíbátù